Ẹlẹ́wọ̀n mọ́gèèjì nílùú ọba: kí ló há wọn mọ́ èlé gọbọi, kí ló dé tí wọn ò lè jáde?

Gbogbo ìgbà tí Bank of England, báńkì àpapọ̀ ìlú ọba, bá ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ èlé ni ariwo yìí máa ń tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní ẹ dúpẹ́ o, èlé ti ń já wálẹ̀, ẹlòmíì á fèsì pé já wálẹ̀ níbo, tèmi ṣì wà lókè téńté, n ò sì rí báńkì tó máa gba mọ́gèèjì mi, ìyẹn owó tí mo yá ra ilé. Làwọn tó ń kà á á bá bẹ̀rẹ̀: ṣé o ò sanwó déédéé ni? Ṣé o jẹ gbèsè káàkiri ni? Báwo ni báńkì á ṣe sọ fún èèyàn pé kò lè san owó tó kéré sí èyí tó ti ń san láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú, torí òótọ́ ni o, báńkì á sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún sì lè má tíì fi owó oṣù kankan falẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀, torí oríṣiríṣi wàhálà làwọn èèyàn ń kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

Ta ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́wọ̀n mọ́gèèjì gan-an?

Kẹ́ ẹ tó lè mọ ẹni tó há, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí ẹni tí ò há ṣe ń rìn. Ní UK, mọ́gèèjì lè jẹ́ ti ọdún 25 tàbí 30, ṣùgbọ́n èlé orí ẹ̀ kì í dúró sójú kan fún gbogbo ọdún yẹn bíi tàwọn ará Amẹ́ríkà. Ọdún méjì tàbí márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń dá èlé dúró fún èèyàn, tí ọdún ọ̀hún bá ti pé, wọ́n á jù ú sórí ohun tí wọ́n ń pè ní standard variable rate, SVR ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. SVR yìí, ẹni tó ni gbèsè, ìyẹn ayánilówó, ló ń pinnu iye tó máa jẹ́, ó sì sábà máa ń wọ́n ju àdéhùn tuntun lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹni tójú ẹ̀ là kì í fi í pẹ́ níbẹ̀. Bí àdéhùn bá ti ń kù bí oṣù mélòó kan kó parí, ó ti ń wá òmíì, bóyá ní báńkì tó wà, bóyá ní báńkì míì tó ń ta tiẹ̀ ní pọ́ọ́kú. Kéèyàn gbé gbèsè kúrò níbi kan lọ sí ibòmíì yẹn ni wọ́n ń pè ní remortgage.

Ẹlẹ́wọ̀n mọ́gèèjì lẹni tí àdéhùn ẹ̀ ti parí tipẹ́tipẹ́, tó wà lórí SVR, tí ẹni tó ni gbèsè ẹ̀ ò ní àdéhùn tuntun kankan tó ń tà, tí àwọn báńkì yòókù náà sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ilé ẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, èlé ni ò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kékeré kan. Ká ní ẹnìkan jẹ £150,000, tó sì jẹ́ pé èlé nìkan ló ń san lórí ẹ̀. Tí èlé bá jẹ́ 9 pásẹ́ǹtì, £13,500 ló máa san lọ́dún, ìyẹn £1,125 lóṣù. Tó bá ráyè bọ́ sórí 5 pásẹ́ǹtì, á di £7,500 lọ́dún, £625 lóṣù. £500 ló ń lọ lọ́wọ́ ẹ̀ lóṣooṣù lásán, gbèsè £150,000 ọ̀hún ò sì fi ẹyọ pẹ́nì kan dín.

Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀?

Ọ̀pọ̀ wọn ti yá owó yìí kó tó di 2008, nígbà tí owó pọ̀ lọ́jà tó jẹ́ pé báńkì ló ń wá ẹni tó máa yá a kiri. Northern Rock, báńkì kan tó fìdí kalẹ̀ sí Newcastle, lorúkọ ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ní mọ́gèèjì kan tí wọ́n ń pè ní Together: tí ilé bá jẹ́ £100,000, wọ́n lè yá èèyàn tó £95,000 lórí ilé ọ̀hún, kí wọ́n tún yá a tó £30,000 lé e lórí tí wọn ò fi ilé dúró fún, àpapọ̀ ẹ̀ á di £125,000 lórí ilé £100,000. Ẹ tún un kà. Gbèsè ti ju ilé lọ láti ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Ohun tó wá fi ọ̀rọ̀ náà dí pátápátá ni pé owó méjèèjì so kọ́ra bí ìbejì, èlé kan náà ni wọ́n ń gbà lórí wọn, ṣùgbọ́n tó o bá gbé apá ti ilé kúrò lọ sí báńkì míì, èlé orí apá kejì tó kù lọ́wọ́ wọn máa fò sókè. Nígbà tí nǹkan ṣì ń dùn, ta ló máa rántí ka ìlà yẹn nínú ìwé àdéhùn?

Northern Rock nìkan kọ́ o. Bradford & Bingley ní ẹ̀ka kan, Mortgage Express, tó gbajúmọ̀ nídìí yíyá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn lówó láìbéèrè ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún wọn, ohun tó o bá ṣáà ti sọ pé ò ń rí ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Self-cert ni wọ́n ń pè é. Àwọn iléeṣẹ́ tí kì í ṣe báńkì rárá náà wà níbẹ̀, bíi GMAC-RFC tó wá láti Amẹ́ríkà, àti Southern Pacific tó wà lábẹ́ Lehman Brothers, báńkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, àwọn yìí ń yá àwọn tí orúkọ wọn ti lábàwọ́n lọ́dọ̀ àwọn báńkì ńlá. Wọn ò gba owó ìfipamọ́ lọ́wọ́ ará ìlú, ọjà owó làwọn náà ti ń yá èyí tí wọ́n ń yá èèyàn.

Ọjà owó yẹn ló dì gbagidi ní 2007. Ní September ọdún yẹn làwọn èèyàn tò lọ rẹrẹ sẹ́nu ọ̀nà Northern Rock láti gba owó wọn jáde, irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ sí báńkì kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1866. Ní February 2008 ìjọba gba báńkì náà sọ́wọ́, Bradford & Bingley tẹ̀ lé e ní September, oṣù kan náà tí Lehman wó lulẹ̀. Wọ́n wá pín ẹran náà. Owó ìfipamọ́ àti ẹ̀ka Bradford & Bingley lọ sọ́dọ̀ Santander, apá Northern Rock tó ṣì dára lọ sọ́dọ̀ Virgin Money ní 2012. Àwọn mọ́gèèjì àtijọ́ tí ò wu ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ìjọba kó wọn sábẹ́ iléeṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010, UK Asset Resolution, UKAR ni wọ́n ń gé e kúrú sí. UKAR ò gbọ́dọ̀ yá ẹnikẹ́ni lówó tuntun, òfin European Union lórí ìrànwọ́ tí ìjọba ń ṣe fún iléeṣẹ́ ò fàyè gbà á, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa gba gbèsè wálé títí táá fi tán.

Àbí ẹ ti rí i? Àwọn tó yá owó lọ́wọ́ báńkì bá ara wọn lọ́wọ́ nǹkan tí kì í ṣe báńkì mọ́, tí ò ní àdéhùn tuntun kankan lórí igbá.

Ó kàn jẹ́ pé lákòókò yẹn, iná ò tíì jó dórí kókó. Bank of England ti já èlé tiẹ̀ wálẹ̀ sí 0.5 pásẹ́ǹtì ní March 2009, ó sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, èyí tó mú kí SVR náà rọ̀ díẹ̀. Aládùúgbò wọn lè máa san 2 pásẹ́ǹtì kí àwọn máa san ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ, ó ń dunni, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ẹ̀mí tì í.

Kí ló dé tí báńkì míì fi ń ní wọn ò lè san owó tó kéré?

Èyí lèyí tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Lẹ́yìn tí ilé owó dà wó, ìjọba àtàwọn àjọ tó ń ṣọ́ báńkì jókòó, wọ́n ní irú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Ní April 2014 ni FCA, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ ìnáwó, bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní Mortgage Market Review. Láti ìgbà yẹn, báńkì gbọ́dọ̀ yẹ owó tó ń wọlé fún èèyàn wò, kó yẹ ìnáwó ẹ̀ wò, kó sì tún dán an wò bóyá á ṣì lè san án tí èlé bá gbéra sókè lọ́jọ́ iwájú. Self-cert kú síbẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba èyí tó jẹ́ pé èlé nìkan ni wọ́n ń san lórí ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní interest-only, ó ní láti fi hàn bó ṣe máa rí odindi owó náà san lọ́jọ́ tó bá pé.

Kò sẹ́ni tó sọ pé òfin yẹn ò bọ́gbọ́n mu. Wàhálà ẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé e sí, àwọn kan sì ti wà nínú ilé kó tó dé. Ẹni tó fẹ́ ti Mortgage Express kúrò lọ sí báńkì míì, bí ẹni tó ń yáwó fún ìgbà àkọ́kọ́ ni báńkì tuntun á ṣe wò ó. Wọ́n á ní kó kó ẹ̀rí owó oṣù wá. Wọ́n á bi í pé ọmọ mélòó ló ń tọ́. Bó bá ti ń sún mọ́ ọdún ìfẹ̀yìntì, wọ́n á mi orí. Bó bá yapa pẹ̀lú ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ tó wá ku owó oṣù ẹyọ kan, wọ́n á tún mi orí. Tí gbèsè bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí ilé jẹ́, tàbí tó jù ú lọ bíi tàwọn oní-Together, ìyẹn nìkan tó láti lé e padà. Wọ́n á ṣírò wọn pé ká ní èlé gòkè, kò ní lè san £900. Ẹni tí wọ́n ń sọ fún sì ti ń san £1,125, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ san tòṣù tó kọjá ni.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹni tí mọ́gèèjì tiẹ̀ wà ní Nationwide tàbí Barclays, tí àdéhùn ẹ̀ parí, tí owó tó ń wọlé fún un ti dín kù, tó tiẹ̀ ti dàgbà, báńkì ẹ̀ lè fún un ní àdéhùn tuntun láìyẹ̀ ẹ́ wò rárá, bó bá ṣáà ti ń sanwó déédéé tí kò sì béèrè owó kún un. Product transfer ni wọ́n ń pe ìyẹn, orí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é. Nítorí náà èèyàn méjì lè wà ládùúgbò kan, kí iṣẹ́ wọn dọ́gba, kí gbèsè wọn dọ́gba, kí àwọn méjèèjì má pa oṣù kankan jẹ, kí ọ̀kan há kí ìkejì má há, ẹni tó ni gbèsè wọn nìkan ni ìyàtọ̀. Kò sì sẹ́ni tó bi oníle pé ta ló fẹ́ kó ni gbèsè òun.

Ta wá ni wọ́n ta gbèsè wọn fún?

Ìjọba ò fẹ́ fi mọ́gèèjì ṣe iṣẹ́ títí ayé, ó fẹ́ gba owó tó fi dá àwọn báńkì nídè padà. Ó bá ń tà á lápá lápá. Ní November 2015 ló ta èyí tí gbogbo ayé gbọ́, £13 bílíọ̀nù, fún Cerberus, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń fi owó àwọn olówó ńlá ṣòwò, apá kan ẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ báńkì TSB. Ní 2017 ó ta ti Bradford & Bingley tó tó £11.8 bílíọ̀nù fún Blackstone àti Prudential. Bẹ́ẹ̀ ló ń tà á lọ títí tí èyí tó kù fi tán nílẹ̀ ní 2021.

Ṣé òfin gbà wọ́n láyè láti tà á láìbi oníle? Ó gbà wọ́n láyè. Ọ̀pọ̀ ìwé mọ́gèèjì ló sọ ọ́ níbẹ̀ pé ayánilówó lè gbé gbèsè fún ẹlòmíì. Ohun tí ìjọba ń sọ ni pé ohun tó wà nínú àdéhùn ò yí padà, ààbò tí oníle ní tẹ́lẹ̀ ló ṣì ní. Ohun táwọn oníle ń dá padà ni pé òótọ́ ni, àdéhùn ò yí padà, ẹni tó wà lódìkejì àdéhùn ló yí padà. Iléeṣẹ́ tó rà á kì í yáni lówó ilé, kò ní àdéhùn tuntun tó fẹ́ fi dá oníbàárà dúró, kò sì bẹ̀rù pé oníbàárà máa lọ. Báńkì tó ń wá oníbàárà á ronú kó tó gbé SVR ẹ̀ sókè. Ẹni tó mọ̀ pé o ò ríbi lọ, kí ló máa rò? Nínú àwọn tó ra gbèsè yìí, àwọn kan ò sí lábẹ́ FCA fúnra wọn, iléeṣẹ́ tí wọ́n háyà láti máa bá wọn gba owó oṣooṣù nìkan ló wà lábẹ́ ẹ̀, èyí sì jẹ́ kí ó ṣòro fún FCA láti pàṣẹ fún ẹni tó ni owó gan-an.

Lẹ́yìn náà ni èlé wá gbéra. Láti December 2021 títí dé August 2023, ìgbà 14 léra wọn ni Bank of England gbé èlé sókè, láti 0.1 pásẹ́ǹtì dé 5.25 pásẹ́ǹtì. SVR àwọn tó há náà ń tẹ̀ lé e bí òjìji, ó di pé àwọn kan ń san ju 8 pásẹ́ǹtì lọ. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀mí tì tẹ́lẹ̀ wá di ẹkún. Ní August 2024 ni èlé bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, tiwọn náà já, ṣùgbọ́n láti òkè ibi tó wà ló ti ń bọ̀.

Mélòó ni wọ́n?

Ó sinmi lórí ẹni tẹ́ ẹ bá bi. FCA ṣèwádìí kan tó jáde ní November 2021, wọ́n ní mọ́gèèjì bí 195,000 ló wà lọ́wọ́ àwọn tí kì í yáni lówó mọ́, àmọ́ nínú ẹ̀, 47,000 ni wọ́n kà sí ẹlẹ́wọ̀n lóòótọ́: ẹni tó ń san owó ẹ̀ déédéé, tí yóò jàǹfààní tó bá kúrò, ṣùgbọ́n tí kò sí báńkì tó máa gbà á. Àwọn yòókù ńkọ́? FCA ní àwọn kan lè kúrò tí wọ́n bá gbìyànjú, àwọn kan ti jẹ owó oṣù sílẹ̀, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ohun tó kù kí wọ́n san ò tó nǹkan.

Ibẹ̀ ni ìjà wà. Àwọn tó ń jà fún wọn, ẹgbẹ́ UK Mortgage Prisoners ló ṣíwájú, ní ìtumọ̀ yẹn há jù. Wọ́n ní báwo lẹ ṣe máa yọ ẹni tó ti jẹ owó oṣù sílẹ̀ kúrò, nígbà tó jẹ́ pé èlé gọbọi yẹn ló sọ ọ́ di ajẹgbèsè? Torí ẹ̀ lẹ ṣe máa ń rí 47,000 nínú ìwé kan, kẹ́ ẹ tún rí nǹkan bí 200,000 nínú òmíì. Kò túmọ̀ sí pé ẹnìkan ń parọ́ o, ohun tí wọ́n ń kà ni ò dọ́gba.

Ṣé gbogbo ẹni tó ń san èlé gọbọi ló jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n?

Rárá, ibí sì làwọn èèyàn ti ń da ọ̀rọ̀ pọ̀ jù. Ní September 23, 2022, Kwasi Kwarteng tó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà ayé Liz Truss ka mini-budget ẹ̀, ọjà owó sì dàrú, nígbà tó fi máa di October, àdéhùn ọdún méjì ti kọjá 6 pásẹ́ǹtì ní ìpíndọ́gba. Ẹni tí àdéhùn ẹ̀ parí lásìkò yẹn jìyà gan-an, ṣùgbọ́n báńkì ẹ̀ ṣì ń ta nǹkan fún un, ó lè gba ọdún méjì kó sì tún wá èyí tó rọ̀ tó bá parí. Wọ́n há fúngbà díẹ̀, ilẹ̀kùn tiwọn ò tì pa.

Àwọn tó ní fíláàtì tún ni ti ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn tí Grenfell Tower jóná ní London ní June 14, 2017, tí èèyàn 72 kú, wọ́n ṣàwárí pé ilé gogoro púpọ̀ ni wọ́n fi irú nǹkan tó ń gbaná bẹ́ẹ̀ bò lára. Báńkì bá yarí. Wọ́n ní àfi kí wọ́n rí ìwé kan tí wọ́n ń pè ní EWS1, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2019, fíláàtì tí ò bá ní in, àwọn tó ń díye lé ilé lè kọ £0 sórí ẹ̀. Oníle ò lè tà á, kò lè gbé mọ́gèèjì ẹ̀ lọ síbòmíì. Ní January 2023 ni báńkì ńlá mẹ́fà gbà láti tún máa yáni lówó lórí irú fíláàtì bẹ́ẹ̀, tí ètò àtúnṣe kan bá ti wà fún ilé náà. Ti àwọn yìí, ilé ni báńkì ń sá fún. Ti àwọn tá à ń sọ látàárọ̀, ilé ò ṣe nǹkan kan.

Kí ni wọ́n ti ṣe sí i?

Ní October 2019, FCA yí òfin padà: báńkì tó bá wù lè gba ẹni tó há láìṣe gbogbo àyẹ̀wò yẹn, tó bá ti ń sanwó déédéé, tí kò yá kún un, tí àdéhùn tuntun sì rọ̀ ju èyí tó wà lọ. Lórí ìwé, ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀rọ̀ wà nínú "tó bá wù" yẹn. Báńkì díẹ̀ ló wù, àwọn tó sì gbà tún ní òfin tiwọn lórí iye gbèsè sí iye ilé àti lórí interest-only, àwọn tó rí ọ̀nà náà gbà jáde ò pọ̀.

Ní April 2021, ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, ilé aṣòfin àgbà, dìbò pé kí wọ́n fi òrùlé sórí SVR àwọn tó há, kó má ju pásẹ́ǹtì méjì lọ lórí èlé Bank of England. Nígbà tó dé ilé Commons, ilé aṣòfin kejì, wọ́n dà á nù. Ní August 2022, Bank of England yọ ìdánwò tiẹ̀ kúrò, èyí tó ní kí báńkì wò ó bóyá èèyàn á lè san án tí èlé bá fi pásẹ́ǹtì mẹ́ta gòkè, ṣùgbọ́n òfin FCA ṣì wà níbẹ̀. Ní June 2023, Jeremy Hunt tó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà náà kó àwọn báńkì jọ, wọ́n fọwọ́ sí Mortgage Charter: èèyàn lè san èlé nìkan fún oṣù mẹ́fà, ó lè fa ọdún mọ́gèèjì ẹ̀ gùn. Ó ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ báńkì tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́, àwọn tó ń yáni lówó lójú ọjà ni wọ́n sì ṣe é fún. Ní July 2025 ni FCA tún dẹ òfin, kó lè rọrùn fún ẹni tó fẹ́ gbé mọ́gèèjì ẹ̀ lọ sí báńkì tó ń gba owó tó kéré. Báńkì ṣì ni yóò pinnu bóyá òun máa lò ó.

Kí ni wọ́n ń jà lé lórí báyìí?

Ìjọba, ẹgbẹ́ yòówù kó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: tí a bá fi òrùlé sórí èlé àwọn kan, kí la fẹ́ sọ fún àwọn yòókù tó wà lórí SVR ní báńkì tó ń ṣiṣẹ́? Wọ́n tún ní àwọn tó ra gbèsè náà rà á lórí àdéhùn tó ti wà nílẹ̀, tí ìjọba bá wá yí i padà lẹ́yìn tó ti gbowó lọ́wọ́ wọn, ta ló máa tún bá a rajà? Àwọn báńkì ní tiwọn ní kò yẹ kí wọ́n fipá mú àwọn gba gbèsè tó ju ilé lọ, torí owó àwọn tó ń fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn ni.

Lápá kejì, àwọn aṣòfin tó kóra jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí Seema Malhotra fìgbà kan wà lára àwọn tó léwájú wọn, ní ìjọba ló ta wọ́n, ìjọba ló jẹ èrè ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àárín oníbàárà àti báńkì lásán mọ́. Ní March 2023, àwọn olùwádìí ní LSE, yunifásítì kan ní London, gbé ìwé kan jáde tí Martin Lewis tó dá MoneySavingExpert sílẹ̀ fowó sí. Kì í ṣe òrùlé orí èlé ni wọ́n gbé kalẹ̀ bí oògùn. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún gbogbo wọn ní ìmọ̀ràn owó lọ́fẹ̀ẹ́, kí ìjọba wá yá àwọn oní-Together ní owó tí ò ní èlé tí wọ́n máa fi pa apá kejì yẹn rẹ́, kó sì gba ìpín nínú ilé àwọn míì kí gbèsè wọn lè fúyẹ́ dé ibi tí báńkì á gbà wọ́n. Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé láàárín ọdún mẹ́wàá, £50 mílíọ̀nù sí £347 mílíọ̀nù ló máa ná ìjọba. Ilé iṣẹ́ ìṣúná ò gbé e.

Ṣé ẹni tó wà níbẹ̀ lè ṣe nǹkan kan?

Kó má rò pé nítorí wọ́n lé òun ní 2016, wọ́n máa lé òun lónìí náà. Iye ilé ti gòkè níbi púpọ̀ láti ìgbà yẹn, gbèsè tó ju ilé lọ nígbà kan lè ti kéré sí i. Alágbàtà mọ́gèèjì tó mọ òfin 2019 àti ti 2025 lè rí ohun tí òun fúnra ẹ̀ ò rí. Tó bá rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, Financial Ombudsman Service ń gba ẹjọ́ láìgba kọ́bọ̀, Citizens Advice àti StepChange sì ń gbani nímọ̀ràn lórí gbèsè lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibo ni ọ̀rọ̀ ń lọ?

Ohun tó sún mọ́lé jù nísinsìnyí kì í ṣe èlé mọ́, ọjọ́ ni. Ọ̀pọ̀ mọ́gèèjì àwọn tó há jẹ́ interest-only, ìyẹn ni pé gbogbo owó tí wọ́n ti ń san látẹ̀yìn wá, èlé ni, odindi owó tí wọ́n yá wà níbi tó wà. Lọ́jọ́ tí ọdún mọ́gèèjì bá pé, wọ́n ní láti kó gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. FCA ti sọ tipẹ́ pé irú mọ́gèèjì báyìí máa pé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kan ti kọjá ní 2017 sí 2018, òmíì ń bọ̀ ní 2027 sí 2028, òmíì ní 2032. Ẹni tó bá wà ní báńkì tó ń ṣiṣẹ́ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú, tàbí kó gba mọ́gèèjì àgbàlagbà. Ẹni tí gbèsè ẹ̀ wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó gba owó wálé, ohun tó máa bá a sọ lọ́jọ́ yẹn ni kó ta ilé, kó san tiwọn.